Bí a ṣe ń jẹun nílé súṣì kékeré àdúgbò ní Tokyo

Lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin kan ní apá àríwá Tokyo, ilé kan wà tí wọ́n ti ń ta súṣì, ìrẹsì onífínígà tí wọ́n sábà máa ń gbé ẹja tí wọn kò sè lé lórí. Mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún oṣù 8 kí n tó wọ ibẹ̀. Kò ní fèrèsé tí ènìyàn lè gbà yọjú. Ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wà níwájú, aṣọ aláró kan bí àdìrẹ rọ̀ sí i lókè, kò sì sí iye owó kankan lára ògiri. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ilé, màá sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ ra ìrẹsì inú ike. Ọjọ́ tí mo wá wọlé, mo rí i pé ènìyàn 8 péré ni àyè gbà. Bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún ló ń ṣe súṣì, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé tíì ká. Wọ́n kí mi káàbọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti ń retí mi.

Nítorí oṣù 8 yẹn ni mo ṣe kọ èyí. Kò sí ohun tó le nínú ilé súṣì kékeré fún ẹni tó bá mọ̀ pé ilé onílé ni. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀ bí ẹni tó lọ kí àgbàlagbà kan nílé rẹ̀, tí ẹ kí i, tí ẹ sọ ohun tí ẹ lè jẹ àti iye tó wà lápò yín, tí ẹ sì jẹ ohun tó bá gbé fún yín lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti parí.

Oríṣi ilé súṣì mẹ́ta ni àlejò máa ń pàdé ní Japan. Àkọ́kọ́ ni kaiten, níbi tí àwo ti ń yípo lórí bẹ́líìtì níwájú oníbàárà. Shiraishi Yoshiaki ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Higashi-Osaka ní 1958. Ènìyàn lè jẹun yó níbẹ̀ láìla ẹnu. Èkejì ni ti àwọn olówó, níbi tí oúnjẹ alẹ́ ẹnì kan ti lè tó 20,000 tàbí 30,000 yen, owó ilẹ̀ Japan. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní machi-zushi, ìyẹn súṣì àdúgbò. Tọkọtìyàwó ló sábà máa ń ni ín, nígbà mìíràn wọ́n ń gbé òkè, wọ́n ń tajà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀gá náà ń darúgbó, àwọn ọmọ wọn kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i tí àwọn ènìyàn wa dé Tokyo, tí wọ́n jẹ ti bẹ́líìtì nìkan, tí wọ́n sì padà sílé láìmọ̀ pé èyí wà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ilé náà, ẹ sì mú àkókò tó dáa

Lára pátákó, ẹ máa wo àmì wọ̀nyí: すし, 寿司 tàbí 鮨. Súṣì ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá rí alùpùpù ìgbẹ́rù níwájú ilé, tàbí àwo ribiti dúdú tí inú rẹ̀ pupa tí wọ́n tò léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ilé tó ń gbé súṣì lọ fún àwọn aládùúgbò nìyẹn: ẹni tó gbàlejò, ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí, ìdílé tó ń ṣòkú. Ilé tí àdúgbò ń jẹ bẹ́ẹ̀, ẹja rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Èmi máa ń gbẹ́kẹ̀ lé àwọn àwo yẹn ju ìràwọ̀ orí fóònù lọ.

Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣí láti aago 11:30 títí di nǹkan bí aago 1:30, wọ́n á tì, wọ́n á tún ṣí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán rọ̀ lápò, ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju 1,000 sí 2,000 yen lọ, wọ́n sì sábà máa ń kọ iye rẹ̀ sórí pátákó kékeré síta. Ní alẹ́, ẹ fọkàn sí 3,000 sí 8,000 yen fún ẹnì kan, ó kù sọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe ń mutí tó.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ ìsinmi. Láti ọjà Toyosu ni ọ̀pọ̀ onísúṣì Tokyo ti ń ra ẹja. Ọjà yẹn ló gba ipò Tsukiji ní oṣù October 2018, kì í sì í ná ní ọjọ́ Sunday àti ní àwọn ọjọ́ Wednesday kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé súṣì fi máa ń sinmi ní ọ̀kan nínú ọjọ́ méjèèjì.

Aṣọ tó rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni noren. Bó bá wà níta, wọ́n ti ṣí. Bí wọ́n bá ti ká a wọlé, wọ́n ti tì, bí iná tilẹ̀ ń tàn nínú ilé. Ẹ tún lè rí 営業中, wọ́n ti ṣí. 準備中, wọ́n ṣì ń palẹ̀ mọ́. 貸切, ẹnì kan ti gba gbogbo ilé fún ọjọ́ náà.

Ẹni kan tàbí ẹni méjì lè wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pè wọ́n, tàbí kí ẹ yà síbẹ̀ ní aago 5 kí ẹ gba àyè fún ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti gba àyè, ẹ lọ. Nínú ilé alájókòó 8, bí ènìyàn 4 kò bá wá, ìdajì owó ọjọ́ yẹn ló lọ, ẹja tí bàbá ti tìtorí yín rà láàárọ̀ yóò sì bàjẹ́ sí i lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó kúrò nílé: ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má fi òróró olóòórùn para. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, òórùn dídùn jẹ́ ara ìmúra. Ní orí kántà, pákó gígùn tí oníbàárà ń jókòó sí níwájú ọ̀gá, ẹja tútù àti fínígà inú ìrẹsì ni gbogbo ènìyàn wá fi imú jẹ, òórùn ẹnì kan á sì bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹnu ọ̀nà

Ẹ fa ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ dúró lójú ẹnu ọ̀nà, ẹ kí wọn. Ọ̀sán, Konnichiwa. Alẹ́, Konbanwa. Wọ́n á dáhùn pé Irasshaimase, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá fi ìka sọ iye yín, kí ẹ sì fi ẹnu tì í: Hitori desu, èmi nìkan ni, Futari desu, àwa méjì ni. Ẹ má tíì jókòó. Ọ̀gá tàbí ìyàwó rẹ̀ ló máa fi ìjókòó hàn yín, torí ó lè ti fi àyè kan sílẹ̀ de oníbàárà tó ń bọ̀ ní aago 7.

Ọ̀rọ̀ Japan kì í ta kókó lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Èdè méjèèjì fẹ́ràn kí kọ́ńsónáǹtì kan máa tẹ̀lé fáwẹ̀lì kan, nítorí náà ẹ kà á bí ẹ ṣe rí i. Sh wọn ni ṣ wa. Desu máa ń dún bíi dẹs.

Bí ọ̀gá bá fi apá méjèèjì dábùú ara wọn níwájú àyà, ilé ti kún tàbí ẹja ti tán nìyẹn. Ẹ tẹrí ba, ẹ lọ, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. N ò ní tan yín, ẹ̀rù èdè máa ń ba àwọn àgbàlagbà kan bí wọ́n bá rí àjèjì, wọ́n á rò pé àwọn kò ní lè bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á sì kọ̀. Gbólóhùn kan tó máa ń tú ojú wọn ká ni Hajimete desu, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ pé òun wá kẹ́kọ̀ọ́, ojú ọ̀gá á sì rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìjókòó

Kántà ni kí ẹ jókòó sí bí àyè bá wà. Wọ́n lè ní yàrá kékeré tí wọ́n tẹ́ ẹní sí fún àwọn ìdílé, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bọ́ bàtà, kí ìbọ̀sẹ̀ yín mọ́. Àmọ́ kántà ni ojú iṣẹ́.

Pákó kántà yẹn, igi gidi ni, wọ́n sì ti ń nù ún láti ọdún gbọọrọ. Ẹ bọ́ òrùka ńlá, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago onírin tó lè ha á lára. Ẹ má gbé báàgì tàbí kọ́kọ́rọ́ lé e. Wọ́n á fún yín ní aṣọ ìnuwọ́ kékeré tó gbóná, oshibori ni. Ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi nù, kì í ṣe ojú tàbí ọrùn, torí ọwọ́ yẹn lẹ lè fi jẹun.

Ìyá á béèrè ohun tí ẹ ó mu. Tíì kò ní owó nínú. Kọ́ọ̀bù tíì ilé súṣì tóbi, ó wúwo, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ́n kọ orúkọ ẹja oríṣiríṣi yí i ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ lè bi ọ̀gá pé èwo ni èwo bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Tíì náà máa ń gbóná gan-an, ó sì ń fọ ọ̀rá ẹja kúrò lẹ́nu kí òmíràn tó dé. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé bíà wá, wọ́n lè gbé àwo kékeré kan tì í tí ẹ kò béèrè. Ẹ jẹ ẹ́, ó wà lára owó.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohun mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ kó tó fọwọ́ kan ẹja

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ẹ sọ ohun tí ẹ kì í jẹ, ẹ sọ iye owó yín, ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ jẹ ẹ́.

Ohun tí ẹ kì í jẹ: ẹ dá orúkọ rẹ̀, kí ẹ fi wa taberaremasen tì í. Ika àti tako ni àwọn ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí kò ní egungun. Edé ni ebi. Ẹni tí kì í jẹ ẹja tí wọn kò sè rárá á sọ pé Nama-zakana wa taberaremasen. Ebi ò ní pa á. Ó lè jẹ edé bíbọ̀. Anago, ẹja òkun gígùn bí ejò tí wọ́n sè rọ̀ tí wọ́n sì fi ọbẹ̀ dídùn pa lára. Tamago, ẹyin díndín aládùn. Àti kappa-maki, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé mọ́ kùkúńbà. Aláboyún àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, ibí yìí ni kí wọ́n dúró sí.

Wasabi, gbòǹgbò aláwọ̀ ewé tó ń ta, tí wọ́n rin, ń kọ́? Ata tiwa ahọ́n ló ń jó, ẹni tó bá sì ti ń jẹ ata rodo láti kékeré á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Imú ni wasabi ń gbà, ó sì ń lọ tààrà sí àárín orí. Ara tèmi kò gbà á. Abẹ́ ẹja ni ọ̀gá ń pa á sí, nítorí náà ó ní láti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Sabi-nuki de onegaishimasu: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wasabi sí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn pàápàá ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn Mùsùlùmí, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọtí ìrẹsì àti mirin, omi dídùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí òun náà ní ọtí nínú, sábà máa ń wọ inú omi sóyà (omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe) tí wọ́n sè, inú ẹyin díndín, àti inú ọbẹ̀ dídùn ara anago. Ilé kékeré ti po àwọn wọ̀nyí láti àárọ̀, kò lè yọ ọ́ mọ́. Ẹ sọ pé Arukōru nashi de, kí ẹ má sì jẹ ẹyin àti anago.

Bí ẹ ṣe fẹ́ jẹ ẹ́: ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni àwo tí wọ́n ti ṣètò. Nami (並) ni ti gbogbogbòò, Jō (上) dáa jù ú lọ, Tokujō (特上) ni àgbà. Ẹja inú rẹ̀ ló ń yàtọ̀. Ẹni tó jẹ Nami kò jẹ ohun búburú, èmi náà ń jẹ ẹ́. Iye owó rẹ̀ wà lójú ìwé oúnjẹ, kò sí ohun tó máa yani lẹ́nu. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé súṣì inú àwo náà máa ń tó 8 tàbí 10. Ó ní ìdí. Ní 1947, lẹ́yìn ogun, oúnjẹ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ní kí àwọn ilé oúnjẹ dá iṣẹ́ dúró. Àwọn onísúṣì Tokyo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà fún wọn pé kí oníbàárà máa gbé ìrẹsì tirẹ̀ wá, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní gō 1, nǹkan bíi gíráàmù 150, kó san owó iṣẹ́, kí wọ́n sì fi súṣì 10 fún un. Súṣì ìgbà tí Hanaya Yohei, tí wọ́n sọ pé ó dá irú èyí sílẹ̀, ń tà á ní Edo ní àwọn ọdún 1820, tóbi ju ti òní lọ dáadáa. Edo yẹn ló di Tokyo ní 1868. Àdéhùn 1947 wà lára ohun tó sọ ọ́ di kékeré, tó sì sọ 10 di oúnjẹ ẹnì kan.

Ọ̀nà kejì ni okonomi, kí ẹ máa yàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àpótí dígí tútù tó wà lórí kántà, ẹ ó rí ẹja tí wọ́n tò. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí èyí tó wù yín, ẹ sọ pé Kore, onegaishimasu, èyí, ẹ jọ̀ọ́. Ní àwọn ilé kan, méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ẹyọ kan, ẹ na ìka kan sókè. Ṣọ́ra fún ẹja tí wọ́n kọ 時価 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí iye tí ọjà ń ná lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́: Ikura desu ka?

Ẹ̀kẹta ni omakase, mo fi lé yín lọ́wọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ilé kan nígbà kan láìdárúkọ owó. Ọ̀gá ibẹ̀ kò mọ ìwọ̀n mi, ó gbé ohun tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, owó tí mo fẹ́ ná fún ọ̀sẹ̀ kan sì lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ ọ́ báyìí: Omakase de, gosen-en gurai de onegaishimasu. Ẹ bá mi yàn án, kó wà ní nǹkan bí 5,000 yen. Sanzen-en ni 3,000, ichiman-en ni 10,000. Àgbàlagbà tó ń ṣòwò kì í bínú sí ẹni tó sọ iye tó wà lápò rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń tù ú nínú, torí òun náà mọ ibi tó máa dúró sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Jíjẹ

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ìka bọ omi tó ní fínígà nínú, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí omi tó pọ̀ jù dànù. Ọwọ́ ọ̀tún wọ inú àdému onígi, ó bu ìrẹsì, ó ń yí i nínú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń yí òkèlè iyán. Ọwọ́ òsì ti mú ẹja, ìka kan sì ti pa wasabi sí i lẹ́yìn. Ó gbé ìrẹsì lé ẹja, ó tẹ̀ ẹ́, ó dà á dé, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti parí. Ó gbé e sórí pákó kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní geta, torí ó jọ bàtà onígi wọn. Ìrẹsì náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná ju ara ènìyàn lọ, ẹja orí rẹ̀ tutù. Bó bá pẹ́ díẹ̀, méjèèjì á di bákan náà, iṣẹ́ rẹ̀ á sì ti ṣòfò.

Nítorí náà, bó bá ti balẹ̀, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ lè fi ọwọ́ jẹ ẹ́, kò sí àbùkù. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ jẹ iyán ti mọ̀ ọ́n tán: ìka mẹ́ta, kí ọwọ́ rọ̀ kí ìrẹsì má tú. Ibi tó ti yàtọ̀ sí òkèlè ni bí a ṣe ń tì í bọ ọbẹ̀. Òkèlè fúnra rẹ̀ la ń ti bọ ọbẹ̀, ṣùgbọ́n súṣì, ẹja la ń dà kọ omi sóyà. Bí ìrẹsì bá kan omi yẹn, á fà á mu bí kànrìnkàn, á tú sínú àwo, iyọ̀ á sì bo gbogbo adùn. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi etí ẹja kan omi sóyà díẹ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀gá bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi sóyà tirẹ̀ lára ẹja, kò nílò òmíràn mọ́. Bó bá tóbi jù fún ẹnu yín, ẹ sọ fún un kí ó dín ìrẹsì kù: Shari chiisame de. Ẹ má ṣí ẹja kúrò lórí ìrẹsì jẹ lọ́tọ̀. Ó tò wọ́n pọ̀ nítorí ẹnu ni.

Atalẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú fínígà, gari, wà fún àárín súṣì kan sí èkejì, láti fọ ẹnu. Bó bá tán, wọ́n á fún yín sí i láìgba owó.

Igi ìjẹun méjì náà ní èèwọ̀ méjì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ má fi igi yín gba ohun lẹ́nu igi ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun òkú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹbí ṣe ń fi igi gbé egungun fún ara wọn. Ẹ má sì gún un dúró nínú ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìrẹsì òkú nìyẹn.

Fọ́tò: ẹ béèrè, Shashin, ii desu ka? Ẹyọ kan tó. Mo gbàgbé èyí lọ́jọ́ kan tí bàbá ṣe ikura fún mi, ẹyin ẹja sámọ́nì lórí ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé yípo. Mo ń wá ìmọ́lẹ̀ tó dáa fún fọ́tò, ewé náà sì ti mu omi, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Bàbá kò bínú. Ó na ọwọ́, ó gbé e kúrò, ó ṣe òmíràn, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi gan-an, ó ní: Ima. Nísinsìnyí. Nígbà tí mo gé e jẹ, ewé náà ró kíṣì lẹ́nu mi. Mi ò tíì gbàgbé ìró yẹn.

Bí ẹ bá ń yàn án fúnra yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹja funfun tí kò lọ́ràá, tai tàbí hirame. Ẹ lọ sí akami, ara tuna pupa, kí ẹ tó dé àwọn aláwọ̀ fàdákà. Kohada ni kí ẹ jẹ bí ẹ bá fẹ́ mọ ọwọ́ ọ̀gá. Ẹja kékeré olówó pọ́ọ́kú ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi iyọ̀ pa á, kí wọ́n rẹ ẹ́ sí fínígà, kí ó má sì pọ̀ jù, kí ó má kéré jù. Saba náà wà níbẹ̀. Ìbátan ẹja Titus tí gbogbo wa mọ̀ ni, Japan pàápàá sì ń kó o lọ tà ní Nàìjíríà ní dídì. Nílé, inú ọbẹ̀ ata la ti mọ̀ ọ́n. Níhìn-ín, iyọ̀ àti fínígà ló sè é, ó sì máa yà yín lẹ́nu pé ẹja tí ẹ mọ̀ látilẹ̀wá ní adùn mìíràn nínú. Lẹ́yìn náà ni chūtoro àti ōtoro, ibi ọlọ́ràá ara tuna, tí owó wọn ga. Anago, ẹyin díndín, àti súṣì onírọ́ọ̀lù ló ń kádìí rẹ̀. Bí ẹ bá dà á rú, kò sí ẹni tó máa bá yín wí. Tàbí kí ẹ kàn bi í pé Kyō no osusume wa?, kí ló dáa lónìí? Ìbéèrè yẹn ni àwọn ọ̀gá fẹ́ràn jù.

Ọbẹ̀ miso tí wọ́n fi egungun ẹja sè lè dé ní ìparí. Ẹ fi ọwọ́ gbé abọ́ rẹ̀, ẹ mu ún láti etí abọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan: kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ anisakis, tó ń gbé inú ẹja òkun, pàápàá irú saba. Fínígà àti wasabi kì í pa á. Dídì ní -20°C fún wákàtí 24 ń pa á, iná náà ń pa á, ojú ọ̀gá tó mọṣẹ́ sì máa ń rí i yọ. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí inú bá ń ta yín burúkú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹja tí wọn kò sè lẹ jẹ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rọ̀ àti ọtí

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń jẹun a máa pe ẹni tó bá bá a níbẹ̀: ẹ wá bá mi jẹun. Lórí kántà yìí, ẹ má fi súṣì yín lọ ẹni tó jókòó tì yín, á da ọkàn rẹ̀ rú. Ohun tó dúró fún un ni ọtí. Ní ilé àdúgbò, bí ẹ bá ń mu bíà tí ara yín sì ti tù, ẹ lè sọ fún ọ̀gá pé Taishō mo ippai dōzo, ọ̀gá, ẹ bá mi mu kọ́ọ̀bù kan. Owó yín ló máa wà. Bó bá gbà, á gbé kọ́ọ̀bù sókè sí yín. Bó bá ní iṣẹ́ pọ̀, ẹ má tẹnu mọ́ ọn. Taishō ni kí ẹ máa pè é. Ìyàwó rẹ̀, Okami-san. Bí ó bá di fóònù mú, tó ń gba iṣẹ́ àwo tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé ẹnì kan, ẹ fún un láyè. Ọwọ́ méjì péré ló ní.

Nígbà tí ilé bá kún, tí ẹ sì ti jẹun tán, ẹ má jókòó pẹ́. Ìjókòó 8 ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Owó àti ìdágbére

Owó bébà ni kí ẹ mú dání, ọ̀pọ̀ ilé kékeré kì í gba káàdì. O-kaikei onegaishimasu ni ẹ ó sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò owó mi. Ẹ lè gbọ́ kí àwọn oníbàárà máa lo àwọn ọ̀rọ̀ bíi agari fún tíì tàbí murasaki fún omi sóyà. Èdè àwọn oníṣẹ́ ni, láàárín ara wọn. Ẹ sọ ocha, ẹ sọ shōyu, ó ti tó. Wọ́n á kọ iye rẹ̀ sórí ìwé kékeré, wọ́n á gbé àwo pẹlẹbẹ kan wá. Inú àwo yẹn ni kí ẹ fi owó sí. Wọn kì í gba owó ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá fi ṣéńjì sílẹ̀, ìyá á sáré tẹ̀lé yín dé ìta láti dá a padà, mo ti rí i.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni Gochisōsama deshita. Òun ni a dúpẹ́ oúnjẹ tiwọn. Ẹ kọjú sí ọ̀gá kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ tẹrí ba, kí ẹ tún tẹrí ba fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ fa ilẹ̀kùn padà.

Kí oṣù yẹn tó parí, ẹ padà lọ. Nígbà tí èmi padà, òjò ń rọ̀, ènìyàn méjì péré ló wà níbẹ̀. Ìyá gba agbòjò mi. Bàbá gbójú sókè, ọbẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tó ya ẹnu ó ti ní: Sabi-nuki, ne?